Ọdẹ́wùmí àti Ọwọ́ Irin Ìlú Ọwọ́ọ̀tó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohùn mi kò lágbára mọ́ bí i ti ìgbà tí mo máa ń pe ajá mi nínú igbó kìjikìji tí erin á sì jẹ́ mi. Kí ẹni tó gbé ẹmu dání gbé e síwájú mi, kí ẹni tí kò gbé nǹkan dání gbé etí rẹ̀ wá. Ẹni tó bá sì já lu ọ̀rọ̀ mi lónìí, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa ní in.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́wùmí ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yin ọmọ àná kò mọ̀ ọ́n. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí wa, ṣùgbọ́n òun kò fi mọ sí iṣẹ́ ọdẹ, ó tún kọ́ iṣẹ́ jórinjórin. Géètì ààfin, fèrèsé ilé ìwé, ìbọn baba wa tó kán nídìí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti kọjá. Bí ó bá jó irin méjì pọ̀, ìyekan ni wọ́n dà, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi òòlù lu iṣẹ́ rẹ̀ rí láti dán an wò, òòlù ló fọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní òòlù ló fọ́!

Ṣùgbọ́n ayé kì í gún régé fún ẹnikẹ́ni. Ibà kan dá Ọdẹ́wùmí dùbúlẹ̀, nígbà tó sì dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n. Ife omi kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Láwúyì ọkọ rẹ̀ ló ń bá a gbé e sẹ́nu. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá jórinjórin mìíràn, wọn kò fẹ́ kí ojú ó tì í. Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun ti di irin tó dógùn-ún.

Ọdẹ bí tiwa ni Láwúyì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrí sí Igbó Eléérú, ó ní òun ò ní pẹ́ dé. A retí rẹ̀ títí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àlejò kan wá dé. Ọdẹ́wùmí jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ ń dà á sílẹ̀, nígbà tó rí ẹsẹ̀ kan níwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Apá àlejò náà gùn débi pé ó ká wọn lé èjìká bí ẹni ń kiri aṣọ.

"Ẹ kú ilé o, ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni Ọdẹ́wùmí?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

"Omi kọ́ ló gbé mi wá. Apágùn ni mí, ìránṣẹ́ ọba Ọwọ́ọ̀tó. Ìkòkò irin ńlá kan wà nínú ihò abẹ́ òkè wa, òun ló gba iná ilẹ̀ dúró tí kò fi jó wa run. Ìkòkò náà ti sán. Iná ń tú jáde lára rẹ̀, ó sì ti dínà mọ́ àwọn ọdẹ kan tí òjò lé wọ inú ihò. Wọ́n wà láàyè lẹ́yìn iná. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ìdí ìbọn lu àpáta, ó ń pariwo orúkọ yín. Ó ní bí ẹnì kan bá wà láyé tó lè dí ojú sísán yẹn, ìyàwó òun ni."

Ọdẹ́wùmí ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú àlejò, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa.

"Ẹ wò ó. Ṣé eléyìí ni yóò jó irin?"

"Ọba ní kí n pè yín wá ni, kò ní kí n yẹ ọwọ́ yín wò. Omi àwọn ọdẹ yẹn ń tán lọ o, ìyá. Ẹ má pẹ́." Kí Ọdẹ́wùmí tó ṣẹ́jú, Apágùn ti di àwátì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bí Ọdẹ́wùmí kò bá lọ, Láwúyì á kú sínú ihò. Bí ó bá lọ tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣìṣe, òun fúnra rẹ̀ ló máa pa á. Ó wọ aṣọ ọdẹ, ó fi àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé gíláàsì dúdú tí jórinjórin fi ń bojú kọ́rùn, ó dágbére fún wa. Èmi náà ì bá bá a lọ. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà!

Ẹnu Igbó Eléérú ló ti bá Aláìlápá. Iwin ni. Orí rẹ̀ tó odù aró, ojú yí orí náà po, kò sì ní apá rárá. Egungun àwọn tí wọ́n ti fẹ́ kọjá níbẹ̀ rí kún ìdí rẹ̀ fọ́fọ́.

"Àlọ́ o!" ni iwin náà ké.

"Àlọ̀," Ọdẹ́wùmí dáhùn. Bó ti wù kí àyà èèyàn já tó, a kì í jẹ́ kí àlọ́ bọ́ sílẹ̀ láì gbè é.

"Ó sùn sílé, ó ń pa ẹran lóko. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, egungun rẹ á kún tàwọn wọ̀nyí."

Ọdẹ́wùmí fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọ ọdẹ lẹ wá ń pa irú àlọ́ yìí fún? Ọdẹ tó dẹ tàkúté ni. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú igbó, ó gbé ara lọ sùn."

Aláìlápá bú sẹ́rìn-ín, ewé wọ́ sílẹ̀ lára igi gbogbo. "Ìwọ obìnrin yìí, o ti mọ ìdajì ohun tí wàá bá níwájú. Kọjá, kí ìdajì tó kù má pa ọ́."

Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọdẹ́wùmí bọ́ sínú Igbó Afarawé. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ní ojú, gbogbo wọn ló ní ọwọ́. Ó họ orí, gbogbo igbó họ orí. Ó wúkọ́, gbogbo igbó wúkọ́, àwọn ẹyẹ já lulẹ̀. Ó yọ àdá, àdá tó yọ sí i kò lóǹkà. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ síwájú wá pàdé rẹ̀, igi á sì di ògiri. Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ọwọ́ inú igbó náà sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, títí atẹ́gùn fi dìde láàárín wọn. Ó rí ìtìjú rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó rí i lósì, ó rí i lókè. Ó bú sẹ́kún. Gbogbo igbó bú sẹ́kún, omijé igi sì mù ún dé orúnkún.

Èmi ì bá yìnbọn. Wọn ì bá sì yìnbọn padà, ẹ̀yin ì bá máa wá ẹlòmíràn gbé ẹmu fún. Ṣùgbọ́n orí ló fi jù mí lọ. Bó ti ń nu ojú, ó rí i pé àwọn igi náà ń nu ojú tiwọn. Ó bá di ojú rẹ̀ méjèèjì pa. Àwọn igi di ojú pa. Afarawé tí kò ríran, kí ni yóò fara wé? Ọdẹ́wùmí na ọwọ́ síwájú, ó ń táràrà láàárín wọn bí afọ́jú, ẹnì kan kò sì mọ̀ pé ó ti kọjá.

Bó ṣe lajú, Ìlú Ọwọ́ọ̀tó ló rí, ẹnu rẹ̀ kò sì padé mọ́. Mo ti rin igbó, mo ti rin ìjù, n kò rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin kan jókòó sórí ẹní, ó ń ká àgbálùmọ̀ lórí igi láì dìde. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì odò, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lókè omi. Lẹ́yìn gbogbo ilé, òkè kan dúró, èéfín pupa ń ti ìdí rẹ̀ jáde. Gbogbo apá gígùn yẹn, kò sí èyí tó lè dé ibẹ̀ kó má di eérú. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ìlú náà ní Ọwọ́ọ̀tó, pé ọwọ́ ò tó o.

Wọ́n mú un dé yàrá kan ní ààfin. Ó rí ọba, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àwọn ìjòyè figbe ta: "Má kúnlẹ̀! Má kúnlẹ̀ níbí o!"

Ọba fúnra rẹ̀ gbá a lápá mú. Ó ní, "Ọmọ ọdẹ, má bínú. Wo inú àwo yìí." Àwo omi ńlá kan wà nílẹ̀. Nínú omi náà, Ọdẹ́wùmí rí ihò abẹ́ òkè, ó rí ìkòkò irin tó ga ju ilé lọ, ó rí iná tó ń tú lára rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ iná náà, ọkùnrin irin kan dúró, ó ga bí ìrókò, iná ń lá a lára, kò sì mira. "Gàgàrà lorúkọ rẹ̀. Iná kì í ràn án, ṣùgbọ́n kò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìbọ̀wọ́ yìí ni ọgbọ́n rẹ̀. Ohun tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fi ara ṣe níbí, Gàgàrà á ṣe é lọ́hùn-ún."

Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ìbọ̀wọ́ náà, tọ̀tún tòsì. Ọba tún ní, "Alágbẹ̀dẹ mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ojú sísán náà kò ju ìka lọ nígbà yẹn. Èmi ni mo wọlé láti wò ó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gàgàrà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́hùn-ún, ó forí irin sọ ìkòkò! Bó ṣe là tó báyìí nìyẹn, ibẹ̀ ni iná ti dínà mọ́ àwọn ọdẹ. Láti ọjọ́ náà, a kì í kí ọba nínú yàrá yìí. Mo sì ti fi Ìyá Alásẹ́ sáàárín."

Ìyá Alásẹ́ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, arúgbó tí irun rẹ̀ funfun dé ilẹ̀, asẹ́ kan lórí itan rẹ̀. Okùn bàbà láti ara ìbọ̀wọ́ gba inú asẹ́ náà kọjá, ó gba ojú fèrèsé lọ sí òkè. Ó ní, "Ohunkóhun tí ọwọ́ bá ṣe, èmi ni mo ń sẹ́ ẹ. Bí ó bá gbọ̀n, bí ó bá họra, màá mú un kúrò. Èyí tó dára nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ Gàgàrà."

Inú Ọdẹ́wùmí dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ká ìka kan, Gàgàrà ká ìka kan. Ó gbé apá, apá tó tó òpó ààfin gbé sókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n níbí, ṣùgbọ́n ti ọ̀hún dúró ṣinṣin. Ó fi ọwọ́ Gàgàrà mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá ìjórin tó wà nínú ihò, irin tí wọ́n ń yọ́ dí ojú sísán, ó fà á lọ lójú sísán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó jó náà ń dán, ó ń yọ̀ bí epo. Àwọn ìjòyè hó yèè. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, gbogbo rẹ̀ ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó já bọ́ sínú iná.

Ọdẹ́wùmí wo àwo omi títí. "Ìyá, kí lẹ yọ kúrò nínú ọwọ́ mi?"

"Gbígbọ̀n ni. Ohun tó bá ti ń mì ni mo yọ."

"Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni gbígbọ̀n. Bí mo bá ń jó irin, mo máa ń mi ọwọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kí irin tó yọ́ lè di etí méjèèjì mú. Bí n kò bá mì ín, á kàn fẹ̀yìn lé e ni, kò ní wọ̀ ọ́ lára. Ẹ sẹ́ ògì, ìyá, ẹ wá da ògì nù mọ́ èérí."

Arúgbó náà pòṣé. "Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ ni mo ti ń sẹ́ nǹkan. Ohun tó ń mì, ó ń mì náà ni. Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí àìsàn mì yàtọ̀ sí èyí tí iṣẹ́ mì?"

"Ẹ gbé asẹ́ kúrò nígbà náà, kí gbogbo rẹ̀ máa lọ."

Wọ́n gbé e kúrò. Ó ku díẹ̀ kó ba ayé jẹ́! Ọwọ́ Gàgàrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná tó tóbi tó orí màlúù ń fò kiri inú ihò, ọ̀pá ìjórin ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Alásẹ́ sáré dá asẹ́ padà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló kù.

Gàgàrà ní etí, kò ní ẹnu. Ohun tó bá gbọ́ ló ń jáde nínú ìkarahun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìkarahun náà sọ̀rọ̀ wàyí, ohùn Láwúyì ni, ó ti ha: "Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, ẹ kú wàhálà. Omi ti tán o. Bí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ bá mi kí ìyàwó mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó máa ń kọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ níṣẹ́:

*Díẹ̀ sọ́tùn-ún o, díẹ̀ sósì,*
*Irin ń gbọ́, iná ń gbọ́.*
*Díẹ̀ sọ́tùn-ún o, díẹ̀ sósì,*
*Ọmọ ìyá méjì, ẹ dì mọ́ra yín.*

Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pẹ̀lú orin. Ó wò ó. Ọwọ́ ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ gbígbọ̀n náà, nǹkan kan ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, kò sì ṣìnà. Ó fò dìde.

"Ìyá! Ẹ bá mi gbe orin yìí. Ọwọ́ iṣẹ́ mọ orin, àìsàn kò mọ̀ ọ́n. Mímì tó bá bá orin lọ, ẹ jẹ́ kó kọjá. Èyí tó bá ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, èérí nìyẹn, ẹ gbà á sílẹ̀."

Ìyá Alásẹ́ ranjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ yọ. "Ayé mi nìyí, mo ń sẹ́, mo ń sẹ́, ẹnì kan kò kọ orin sí i fún mi rí. Gbé e."

Ọdẹ́wùmí tún wọ ìbọ̀wọ́, ó fi gíláàsì bojú, ó mú ọ̀pá tó kù, ó dá orin. Arúgbó gbè é, ó ń gbọn asẹ́ sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ Gàgàrà lọ díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó lọ díẹ̀ sósì, irin pupa ń di etí ìkòkò mú, ó ń wọ̀ ọ́ lára. Ọdẹ́wùmí ń wò ó nínú omi, ẹ̀rù ìyanu ń bà á. Ọwọ́ tirẹ̀ ni ọwọ́ yẹn! Bó ṣe rí kí ibà tó dé nìyẹn, bó ṣe máa ń yí ní ìparí ìlà nìyẹn. Ó rò pé ọwọ́ náà ti kú, kò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú èyí tó ń gbọ̀n.

Ó ku díẹ̀ kó parí nígbà tí lílu àpáta tó ń dún nínú ìkarahun dákẹ́. Ìkarahun kò fọhùn mọ́. Àyà Ọdẹ́wùmí já, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń jà bí adìyẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀. Àwọn ìjòyè bojú. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú orin, ó ń fi ẹkún kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń já, Ìyá Alásẹ́ sì ń bá a gbé e dìde. Ìbẹ̀rù náà pọ̀ débi pé asẹ́ kún, ó ń dà sílẹ̀ lórí itan arúgbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó kọjá sí òkè. Ọwọ́ irin ń lọ ní tirẹ̀, díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, títí ojú sísán fi pa dé. Iná kú lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò dúró.

Nínú àwo omi, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kúrò, àwọn ọdẹ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ara ti ara wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Gàgàrà sáré kọjá. Láwúyì ló kẹ́yìn. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bò ó. Kò sáré. Ó dúró níwájú ọkùnrin irin náà, ó ṣí fìlà.

"Ẹ ṣeun o," ló ń wí nínú ìkarahun. "N kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ ṣeun."

Ọdẹ́wùmí pariwo orúkọ rẹ̀. Láwúyì kò gbọ́, Gàgàrà kò ní ẹnu. Ọwọ́ nìkan ló ní. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń pọ́n bí ata, nítorí náà òsì ni Ọdẹ́wùmí nà. "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni," ló wí, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ irin tó tóbi tó ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dúró níwájú Láwúyì.

Ìyá Alásẹ́ wo ojú obìnrin náà. Ẹnì kan kò bẹ̀ ẹ́, ẹnì kan kò pàṣẹ fún un. Ó kàn gbé asẹ́ kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

Ọwọ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ọdẹ tó kù fi igbe bọnu, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láwúyì nìkan ni kò kúrò. Ó wo ọwọ́ náà, ó tún wò ó. Ó rọra gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ìka irin kan mú, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

"Ọdẹ́wùmí," ni ìkarahun wí, "ṣé o ti jẹun?"

Ibẹ̀ ni mo fi ẹnu tì sí. Ẹni tó bá ní ẹnì kan nílé nínú yín, kó dìde, kó lọ bi í.